Ẹ̀yìn ojú ni ọ̀rọ̀ wà: bí ètò akàwé ṣe ń bá ètò ìṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì lò

Ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́bàá ọjà Ouando níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, bi mí ní ìbéèrè kan tí mo ti tún gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà. Ó ní Tàǹtí wa tí ń bójú tó ìwé owó kò ríran, síbẹ̀ wọ́n ń kọ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn níbẹ̀, wọn a sì ti fèsì ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp kí àwa tí a ríran tó yọ fóònù lápò. Kí ló wá dé tí ètò ìṣòwò tuntun tí a ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù fi ń dà wọ́n láàmú? Ṣé ètò tí ń bá wọn kàwé ni kò dára ni, tàbí àwọn fúnra wọn ni kò tíì mọ̀ ọ́n lò? Kì í ṣe èkíní, kì í sì í ṣe èkejì. Ṣùgbọ́n n kò rí àlàyé ṣe fún un àfi ìgbà tí èmi fúnra mi jókòó ti Tàǹtí fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí a pa iná ojú kọ̀ǹpútà, tí mo sì fi etí ṣiṣẹ́.

Ètò akàwé ni n ó máa pe ohun tí Faransé ń pè ní lecteur d'écran, ìyẹn ètò tí a fi sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kí ó lè máa sọ ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò ríran, yálà ní ohùn tàbí lórí ẹ̀rọ kékeré tí ń gbé àmì Braille sókè lábẹ́ ìka. Kì í ṣe ohun àná. JAWS ti jáde láti ọdún 1989, owó gidi ni a sì fi ń rà á. Ní ọdún 2006 ni Michael Curran, ọmọ Ọsirélíà tí òun náà kò ríran, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ NVDA, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sórí Windows. Bí kì í bá ṣe ti NVDA ni, èmi kò rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò ríran nílẹ̀ wa tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ì bá rí ètò akàwé kan lò rárá. Windows ní Narrator tirẹ̀, ẹ̀rọ Apple ní VoiceOver, fóònù Android sì ní TalkBack. NVDA ni Tàǹtí ń lò, òun náà ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun tí ètò akàwé ń rí

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti ètò akàwé, ẹ̀yìn ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí àwa olójú máa ń ṣe ni pé a rò pé ètò náà ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí àwa ti ń wò ó, pé bí bọ́tìnnì kan bá ti pupa, tí ó tóbi, tí ó sì wà láàárín gbùngbùn ojú-ewé, kò yẹ kí ó fo ètò náà. Ètò náà kò mọ pupa, kò mọ títóbi, kò sì mọ àárín. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé aṣàwákiri, bíi Chrome tàbí Firefox, máa ń gba ìwé tí àwọn tó kọ́ ojú-ewé náà fi ránṣẹ́, èyí tí a ń pè ní HTML. Ó ń ya àwòrán rẹ̀ fún olójú, ó sì tún ń to ìwé kejì jọ lẹ́yìn, bí igi tí ó ní ẹ̀ka, níbi tí ó ti kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan, irú ohun tí ó jẹ́, ipò tí ó wà, àti iye tàbí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwé kejì yìí nìkan ni ètò akàwé ń kà. Bí Tàǹtí bá dé orí bọ́tìnnì tí a fi ń tọ́jú facture, ìyẹn ìwé owó ọjà tí a ń kọ fún oníbàárà, wọ́n á gbọ́ orúkọ bọ́tìnnì náà, wọ́n á gbọ́ pé bọ́tìnnì ni, wọ́n á sì gbọ́ pé kò tíì ṣeé tẹ̀, nítorí pé orúkọ oníbàárà kò tíì wọlé. Gbólóhùn kúkúrú kan ni, iṣẹ́ sì ń lọ.

Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ́ ètò bá ya àwòrán bọ́tìnnì dípò kí ó ṣe bọ́tìnnì. HTML ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún bọ́tìnnì, èyí ni button. Ó tún ní ọ̀rọ̀ fún àpótí lásán tí kò ní iṣẹ́ kankan, èyí ni div. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń mú div, wọn a kùn ún ní ọ̀dà, wọn a rọ igun rẹ̀, wọn a sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe bí máòsì bá tẹ̀ ẹ́. Lójú, bọ́tìnnì ni. Lẹ́yìn ojú, kò sí bọ́tìnnì kankan níbẹ̀: Tab kì í dúró lórí rẹ̀, Enter kì í ṣí i, ètò akàwé kì í sì í pè é ní bọ́tìnnì, bí ó bá tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹni tó bá ti dé Kétu mọ Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ tí ènìyàn ń gbà wọ ìlú nígbà tí odi àti yàrà yí i ká. Ká ní ẹnìkan lọ ya àwòrán Ìdẹ́nà sára odi náà níbòmíràn, tí ó yà á dáadáa títí dé orí ìlẹ̀kùn onígi rẹ̀, àlejò tó ń wò ó lókèèrè yóò rò pé ọ̀nà méjì ni ìlú ní; ẹni tí ń fọwọ́ tọ́ odi lọ kò ní bá ju amọ̀ lọ.

Ìbátan rẹ̀ ni bọ́tìnnì tí ó jẹ́ bọ́tìnnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí a kò sọ lórúkọ. Nínú ètò ìṣòwò, àwòrán péńsùlù ni ti àtúnṣe, àwòrán ike ìdọ̀tí ni ti ìparẹ́, àwòrán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ti kí facture jáde lórí bébà, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ wọn. Bí a kò bá fi orúkọ pamọ́ sẹ́yìn àwòrán wọ̀nyí, ohun tí Tàǹtí ń gbọ́ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni "bouton, bouton, bouton". Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó kọ́ ètò yìí kò wolé, wọn kò sì sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta náà ni yóò pa iṣẹ́ àárọ̀ rẹ́ bí a bá ṣèèṣì fọwọ́ kàn án.

Lẹ́tà kan, iṣẹ́ méjì

Lẹ́tà tàbí ìwé ìròyìn dà bí ọ̀nà tó ti Kútọ̀nù wá sí Àjàṣẹ́: ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ẹni tó bá sì ń lọ tààrà yóò dé. Ètò ìṣòwò dà bí ọjà. Ìsọ̀ wà lọ́tùn-ún, ìsọ̀ wà lósì, àwọn kan ń pàtẹ nígbà tí àwọn mìíràn ń palẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ra iyọ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kí ó máa kí gbogbo oníṣòwò títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníyọ̀. Nítorí èyí ni ètò akàwé ṣe ní ipò méjì lórí ojú-ewé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti ń rú ènìyàn lójú jù lọ, títí kan àwọn tí ń kọ́ni.

Ní ipò àkọ́kọ́, tí n ó pè ní ipò kíkà, ètò akàwé gba kíbọ́ọ̀dù mọ́ ojú-ewé lọ́wọ́. Ọfà ń gbé wa láti ìlà dé ìlà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì di ẹsẹ̀ tí a fi ń fò: nínú NVDA, bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀, H ń fò lọ sí àkọlé tó kàn, B sí bọ́tìnnì, K sí líǹkì, T sí àtẹ, E sí àpótí tí a ń kọ̀wé sí, bí a bá tẹ Shift mọ́ ọn, ẹ̀yìn ni yóò fò sí. Ní ipò kejì, ipò kíkọ, ètò akàwé yọwọ́, ó dá kíbọ́ọ̀dù padà fún ojú-ewé, B sì padà di B. A máa ń fi Insert àti bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù bọ́ láti ipò kan sí èkejì, ohùn kékeré kan a sì dún kí a lè mọ ibi tí a wà, ti kíkà ọ̀tọ̀, ti kíkọ ọ̀tọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà NVDA máa ń yí i fúnra rẹ̀ bí a bá fi Tab dé inú àpótí ìkọ̀wé, Escape a sì dá wa padà sí ipò kíkà.

Ní ọjọ́ kejì tí mo jókòó tì wọ́n, mo ní kí n bá Tàǹtí wá ọjà kan nínú ètò náà. N kò fetí sí ohùn kékeré yẹn. Mo tẹ ciment, nítorí Faransé ni èdè ètò náà, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kan tó wọ inú àpótí. C gbé mi lọ sí àpótí àṣàyàn tó kàn, níbi tí a ti ń yan bí oníbàárà yóò ṣe sanwó. I gbé mi sínú àtòjọ kan tí n kò mọ̀ rí. M ń wá férémù, kò rí. E gbé mi dé ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí. N fò mí kọjá ọ̀wọ́ líǹkì kan. T wá àtẹ títí, ó ní kò sí mọ́. Lẹ́tà mẹ́fà péré, mo ti rin ojú-ewé náà já, n kò sì mọ ibi tí mo wà. Tàǹtí bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, o ò tíì wọlé, o ti ń bá onílé sọ̀rọ̀."

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n àwọn ètò kan wà tí wọ́n ń ṣe é fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Àwọn kan fi àṣẹ tiwọn sórí lẹ́tà kan náà tí ètò akàwé ń lò, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà N tó yẹ kí ó ṣí facture tuntun kì í dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí a bá wà ní ipò kíkà. Àwọn mìíràn kọ sí ẹ̀yìn ojú-ewé pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohun èlò, kì í ṣe ìwé, ètò akàwé a sì gbà wọ́n gbọ́, yóò dúró sí ipò kíkọ, àkọlé àti ọ̀rọ̀ inú ojú-ewé a wá di ohun tí a kò lè kà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí tí ń mú àbá wá bí a ṣe ń kọ orúkọ oníbàárà: olójú a rí i pé àbá mẹ́rin ti yọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n Tàǹtí gbọ́dọ̀ gbọ́ pé wọ́n yọ, kí wọ́n sì gbọ́ èyí tí ọfà wà lórí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ tí wọ́n kọ tán yóò wà nínú àpótí, ètò náà yóò sì máa sọ pé kò sí oníbàárà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé irú nǹkan báyìí fún ètò akàwé wà. ARIA ni wọ́n ń pè é. W3C, ẹgbẹ́ tí ń ṣe òfin ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, fi ọwọ́ sí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 2014. Ìgbàgbọ́ tí àwọn kan ní nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù, lójú tèmi. ARIA lè sọ div ní bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n kò fún un lẹ́sẹ̀: ètò akàwé yóò ké "bouton", Tàǹtí yóò tẹ Enter ní ipò kíkọ, nǹkan kan kò sì ní ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó kọ́ ọ kò bá kọ ti Enter sí i lọ́tọ̀. Ẹni tó bá lo button gidi kò nílò ìyọnu yìí.

Àtẹ ọjà

Àtẹ ni ọkàn ètò ìṣòwò: orúkọ ọjà, iye tó kù, iye owó, ọjọ́ tó wọlé, ẹni tó jẹ gbèsè. Nínú àtẹ tí a ṣe dáadáa, a máa ń di Ctrl àti Alt mú, a ó sì máa fi ọfà rìn láti àpótí dé àpótí. Bí a bá ti wọ òpó mìíràn, ètò akàwé yóò kọ́kọ́ sọ orúkọ òpó náà kí ó tó ka ohun tó wà níbẹ̀. Nínú àtẹ tí a kàn fi àpótí lásán tò jọ tí ó sì rí bí àtẹ lójú, ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan rèé: "47. 12. 5 200. 3." Mo bi Tàǹtí pé kí ni 47. Wọ́n ní ó lè jẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì tó kù, ó lè jẹ́ iye tí a tà, àfi kí àwọn padà sórí ìlà, kí àwọn ka òpó láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì padà, wọ́n kà á, òpó kẹfà ni. Èyí ni olójú kì í rí nígbà tí ó bá ní wọ́n ń pẹ́: òun fi ojú kan gba orí òpó àti ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn gbọ́dọ̀ fi orí rù ú.

Ohun méjì mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ àtẹ. Ọ̀pọ̀ ètò kì í kó gbogbo ìlà wá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọjà bá jẹ́ 3 000, ètò lè gbé 50 tí ojú lè rí wá, kí ó sì máa pààrọ̀ wọn bí máòsì ti ń yí lọ sísàlẹ̀, ètò akàwé yóò sì sọ tọkàntọkàn pé ìlà 50 ni àtẹ náà ní. Tàǹtí ti sọ fún oníbàárà rí pé a kò ní irin 10, irin sì kún ilé ẹrù. Èkejì ni àwọ̀: nínú ètò tiwa, gbèsè tó ti pẹ́ ni ó máa ń pupa, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pupa kì í dún.

Nígbà tí ètò sọ̀rọ̀, tí kò sí ẹni tó gbọ́

Èyí tó ná wa lówó kì í ṣe bọ́tìnnì, kì í ṣe àtẹ. Bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì ìtọ́jú facture, àkọsílẹ̀ kékeré kan a yọ ní igun òkè lápá ọ̀tún pé ó ti wọlé, a dúró fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, a sì pòórá. Ojú-ewé kò yí padà, kọ́sọ̀, ìyẹn àmì tí ń sọ ibi tí a wà lójú-ewé, kò kúrò níbi tó wà, ètò akàwé kò sì ní ìdí láti sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ náà, Tàǹtí tẹ̀ ẹ́, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n dúró, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó lọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Facture mẹ́ta ni ó jáde fún 40 àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣoṣo. Ní orílẹ̀-èdè wa, facture normalisée, ìyẹn facture tí òfin owó orí fọwọ́ sí, kì í ṣe bébà tí a lè ya dànù: ó ní kóòdù àti àmì QR tí ó so ó mọ́ àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ owó orí, yálà ẹ̀rọ ni a fi ṣe é tàbí e-MECeF, ètò wọn ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ó bá sì ti jáde, facture d'avoir, ìyẹn facture tí ń pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ni a ó fi tún un ṣe. Méjì ni a kọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá wa bínú, n kò sì dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bínú sí ni kò tọ́.

Ìwòsàn rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ nínú HTML. Bí ẹni tó kọ́ ètò bá sàmì sí ibi tí àkọsílẹ̀ náà ń yọ sí pé ibi ìròyìn ni, ètò akàwé yóò ka ohun tó bá yọ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rìn débẹ̀. Ó sì lè yàn bóyá kí ó dúró kí Tàǹtí gbọ́ gbólóhùn tí wọ́n ń gbọ́ lọ́wọ́ tán, tàbí kí ó já lu ọ̀rọ̀. WCAG, ìwé ìlànà W3C lórí bí ojú-ewé yóò ṣe ṣeé lò fún gbogbo ènìyàn, ti ní èyí nínú láti ẹ̀dà ọdún 2018.

Fèrèsé kékeré tí ń yọ láti béèrè pé "ṣé ó dá ọ lójú?" ní ìṣòro tó jọ ọ́. Bí ó bá yọ, kọ́sọ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, kí ó sì dúró síbẹ̀ títí a ó fi dáhùn. Bí kò bá wọlé, Tàǹtí yóò máa rìn nínú ojú-ewé tó wà lẹ́yìn fèrèsé, níbi tí bọ́tìnnì kankan kò ti ní dáhùn mọ́, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn ilé tí gbogbo ará ilé ti jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Kàlẹ́ńdà tí a ń fi máòsì yan ọjọ́ lára rẹ̀ kò burú bí a bá lè kọ ọjọ́ náà fúnra wa. Bí a kò bá lè kọ ọ́, ìyà ni. Ohun tí a ń fi máòsì fà láti ibì kan sí ibòmíràn gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà kejì láìfà, WCAG 2.2 ti ọdún 2023 sì sọ bẹ́ẹ̀. Ètò tí ń lé ènìyàn jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ gbọ́dọ̀ kìlọ̀, kí ó sì jẹ́ kí a béèrè àfikún àkókò.

Ọ̀rọ̀ èdè kan àwa ará Benin ju bí ó ti kan àwọn mìíràn lọ. Ní orí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, àmì kékeré kan yẹ kí ó wà tí ó sọ èdè tí a fi kọ ọ́: fr fún Faransé, en fún Gẹ̀ẹ́sì, yo fún Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́kọ́ kọ ọ̀pọ̀ ètò ìṣòwò; wọn a túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Faransé, wọn a sì gbàgbé en síbẹ̀. Ètò akàwé a mú ohùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde, a sì máa fi ẹnu ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ka Faransé fún ẹni tó jókòó ní Àjàṣẹ́. Ọ̀nà àbáyọ wà: nínú ètò ohùn NVDA, a lè pa àṣẹ tí ń jẹ́ kí ó máa yí èdè padà fúnra rẹ̀, ohùn Faransé yóò sì máa ka gbogbo rẹ̀. Orúkọ oníbàárà wa tó jẹ́ Yorùbá kò bọ́ nínú ìyà náà ṣá o. Tàǹtí ti mọ ohun tí ohùn Faransé ń sọ Adébáyọ̀ dà, wọn kì í sì í bi í léèrè mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ohun tí ọ̀gá lè ṣe

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò kì í ka ojú-ewé láti òkè. Ìtò tí Tàǹtí fi ń dé ibi gbèsè wà lórí wọn: H lẹ́ẹ̀mẹta, T lẹ́ẹ̀kan, òpó karùn-ún. Bí ètò bá sì yí padà lóru, bí wọ́n ti máa ń ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Insert àti F7 a kó gbogbo àkọlé, líǹkì àti bọ́tìnnì ojú-ewé náà jọ sínú àtòjọ kan, Insert àti Ctrl àti F a sì wá ọ̀rọ̀ tí a bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ctrl nìkan ń pa ohùn lẹ́nu mọ́. Ní ti ohùn yẹn, ó ń yára bí òjò lórí páànù. Ọjọ́ mẹ́rin kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, Tàǹtí sì ní àwọn ti dín in kù nítorí mi. Bí àtẹ kan bá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n á gbé e jáde sínú Excel, wọ́n á kà á níbẹ̀, níbi tí orí òpó ti ń dún. Nígbà mìíràn, ohun tó kọ̀ nínú Chrome a jẹ́ nínú Firefox, n kò sì tíì rí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi tí mo gbà.

Ní ti ọ̀gá, ìdánwò kan wà tí kò ná an ní kọ́bọ̀, tó sì yẹ kí ó ṣe kí ó tó sanwó ètò. Kí ó yọ máòsì kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ó fi kíbọ́ọ̀dù nìkan ṣe iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kí ó wá oníbàárà, kí ó kọ facture, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibi tí ó bá ti há, ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò ti há lójoojúmọ́. Kí ó tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ètò náà dé ipele AA, ipele àárín nínú mẹ́ta, nínú WCAG, àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin náà wà lẹ́yìn ẹni tó bá béèrè: Benin fi ọwọ́ sí òfin 2017-06 ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara.

Fún ẹni tó jókòó ti irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, NVDA ní fèrèsé kan nínú àkójọ ohun èlò rẹ̀ tí ń kọ gbogbo ohun tí ohùn náà ń sọ sílẹ̀, kí olójú lè máa kà á. Òun ni mo ṣí fún ọ̀gá wa. Mo ní kí ó má wo ojú-ewé, kí ó wo fèrèsé yìí nìkan, kí ó sì sọ fún mi èwo nínú "bouton" mẹ́ta ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, kò sì bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn mọ́. Láti ẹ̀dà NVDA 2025.1, ẹni tó wà ní Kútọ̀nù tún lè wọ inú kọ̀ǹpútà ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, bí onítọ̀hún bá gbà á láyè, kí ó sì máa gbọ́ ohùn ètò akàwé rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé sí àwọn tó kọ́ ètò náà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ, pé ètò yín kò ṣeé lò fún ẹni tí kò ríran, kò ní èsì. Nínú èkejì, mo kọ orúkọ ojú-ewé náà, ìlà tí ọ̀rọ̀ wà, ohun tí a tẹ̀, ohun tí ètò akàwé sọ, ohun tí ó yẹ kí ó sọ, ẹ̀dà NVDA àti ti Firefox tí a lò, mo sì ní kí wọ́n fi orúkọ sí bọ́tìnnì mẹ́ta náà. Èsì dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àtúnṣe sì tẹ̀ lé e. Nísinsìnyí, bí Tàǹtí bá dé ìparí ìlà, ohun tí a ń gbọ́ ni Modifier, Supprimer, Imprimer, pẹ̀lú nọ́ńbà facture lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ kékeré igun òkè náà ti ń sọ̀rọ̀. Àtẹ ọjà kò tíì yí padà. Lẹ́tà tirẹ̀ ni mò ń kọ lọ́wọ́.